Àwòṣe àti Àyẹ̀wò Àléébù Rótọ̀ Nínú Ẹ̀rọ Ayípo Oní-Féèsì-Púpọ̀

Ìfáàrà

Bí àwọn ìyá wa bá fẹ́ ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà, wọn kì í fi ojú nìkan wò ó. Wọn a gbé e sókè, wọn a fi ìka kàn án, wọn a sì tẹ́tí sí ohùn tó bá jáde. Ìkòkò tó pé máa ń dún gaara. Ohùn èyí tó ti sán níbì kan yóò kú, bí ojú kò tilẹ̀ rí ìlà tó sán náà. Ohun tó mú kí àyẹ̀wò yìí ṣeé ṣe ni pé wọ́n ti mọ bí ìkòkò tó pé ṣe ń dún, wọ́n sì ń fi ohùn èyí tó wà lọ́wọ́ wọn wé e. Orí ìlànà yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dúró lé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú ẹ̀rọ oníná kan ti bàjẹ́ láì tú u palẹ̀.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àlàyé lórí àléébù tó ń ṣẹlẹ̀ sí apá tó ń yí nínú irú ẹ̀rọ oníná tí àwọn onímọ̀ ń pè ní induction motor, pàápàá jù lọ èyí tí féèsì rẹ̀ ju mẹ́ta lọ. A ó pe ẹ̀rọ náà ní ẹ̀rọ ayípo. A ó wo bí a ṣe ń fi ìṣirò ṣe àwòṣe rẹ̀, bí àléébù rẹ̀ ṣe ń fi ara hàn nínú iná tó ń lò, àti àwọn ohun tó lè ṣi aláyẹ̀wò lọ́nà. Kókó ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ féèsì ń dáàbò bo apá kan ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo rótọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbójú lé ọ̀pọ̀ féèsì láì yẹ rótọ̀ wò, ńṣe ló fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè ohun tí irú ọ̀rọ̀ báyìí ń wá nínú ìwé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Bí èdè náà yóò bá gòkè ju ìpele alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, àwa olùkọ́ ni a ó kọ́kọ́ gbé e gòkè. Nítorí náà, a ó lo òòfà fún ohun tó ń fa irin, ìṣàn iná fún iná tó ń kọjá nínú wáyà, àti òǹkà ìyí fún iye ìgbà tí ìṣàn náà ń lọ tó sì ń padà bọ̀ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí a ń fi Hertz wọ̀n. Ní ti féèsì, kọ́ìlì, béárìn, rótọ̀ àti sítétọ̀, ọ̀rọ̀ àyálò ni a lò fún wọn.

Bí ẹ̀rọ ayípo ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1831, Michael Faraday fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé bí agbára òòfà tó yí wáyà ká bá ń yí padà, iná yóò dìde nínú wáyà náà láìjẹ́ pé ohun kan fara kàn án. Galileo Ferraris ní Ítálì àti Nikola Tesla ní Amẹ́ríkà gbé ìmọ̀ yìí síwájú, iṣẹ́ àwọn méjèèjì sì di mímọ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 1888. Wọ́n fi hàn pé bí a bá fún kọ́ìlì méjì ní ìṣàn iná tí kì í ga lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan ń ga nígbà tí èkejì ń rọlẹ̀, agbára òòfà tí wọ́n bá jọ mú jáde yóò máa yí po bí ẹni tó ń jó yí ìlù ká, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́ìlì méjèèjì kò kúrò lójú kan. Ní ọdún 1889, Mikhail Dolivo-Dobrovolsky, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ṣe ẹ̀rọ oní-féèsì mẹ́ta. Ìran ẹ̀rọ yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fa omi, tó ń lọ nǹkan, tó sì ń gbé ẹrù ní ilé-iṣẹ́ lónìí.

Apá méjì pàtàkì ni ẹ̀rọ náà ní. Sítétọ̀ ni apá tó dúró. Inú àwọn ihò rẹ̀ ni a ń to kọ́ìlì sí. Rótọ̀ ni apá tó ń yí nínú rẹ̀. A máa ń to ọ̀pá bàbà tàbí ti alumíníọ́mù yí rótọ̀ ká, a ó sì fi òrùka kan so wọ́n pọ̀ ní orí, a ó fi òmíràn so wọ́n pọ̀ ní ìdí. Bí a bá yọ irin tó kún àárín rẹ̀ kúrò, ohun tó kù yóò jọ àgò tí a fi ń dé adìẹ. Àwọn Òyìnbó fi tiwọn wé àgò ọ̀kẹ́rẹ́. Kò sí wáyà kankan tó gbé iná láti ìta wọ inú rótọ̀ yìí.

Nígbà tí agbára òòfà sítétọ̀ bá ń yí, ó ń gé àwọn ọ̀pá rótọ̀ kọjá, iná a sì dìde nínú wọn. Iná yìí sọ rótọ̀ fúnra rẹ̀ di òòfà, òòfà sítétọ̀ a sì máa fà á tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n rótọ̀ kò gbọdọ̀ bá a dọ́gba. Bó bá bá a dọ́gba, kò ní sí ohun tó ń gé ọ̀pá kọjá mọ́, iná inú ọ̀pá yóò kú, agbára tó ń fa rótọ̀ yóò sì tán. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin eré àwọn méjèèjì ni a ó máa pè ní ìfàsẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa lò títí dé òpin iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ tó ní ojú òòfà mẹ́rin, tó sì ń lo iná 50 Hz, òòfà rẹ̀ ń yí ní ìgbà 1500 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí rótọ̀ rẹ̀ bá ń yí ní ìgbà 1455, ìfàsẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 45 nínú 1500, èyí tí í ṣe 0.03. Ìṣàn iná tó wà nínú ọ̀pá rótọ̀ yóò ní òǹkà ìyí 1.5 Hz péré, nítorí pé 0.03 lọ́nà 50 ni 1.5. Òǹkà kékeré yìí ni a ó fi tọpa àléébù.

Ìdí tí féèsì fi ń ju mẹ́ta lọ

Iná tó ń wá láti ilé-iṣẹ́ mànàmáná kì í ju féèsì mẹ́ta lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá so mọ́ iná yìí tààrà, kò sí ìdí láti wá òmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ínfátà wọ inú iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ínfátà lè mú iye féèsì tó bá wu ẹni jáde. Ní ọdún 1969, E. E. Ward àti H. Härer tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí ẹ̀rọ ayípo oní-féèsì márùn-ún tí ínfátà ń fún ní iná. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ oní-féèsì márùn-ún, mẹ́fà, méje, mẹ́sàn-án àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹfààní mẹ́ta ló hàn gbangba. Èkíní ni pé bí a bá pín iṣẹ́ sórí ọ̀pọ̀ féèsì, iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gbé yóò dín kù. Èkejì ni pé yíyí ẹ̀rọ náà máa ń jọ̀lọ̀ sí i. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Bí féèsì kan bá já nínú ẹ̀rọ oní-féèsì mẹ́ta lásán, kò lè fúnra rẹ̀ dìde láti ipò ìdúró mọ́, bó bá sì ti ń yí tẹ́lẹ̀, yóò máa gbóná. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá já nínú márùn-ún, mẹ́rin tó kù lè jọ gbé òòfà ayípo náà, bí a bá dín ẹrù ẹ̀rọ kù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìdí nìyí tí irú ẹ̀rọ yìí fi wà níbi tí kò ti yẹ kí iṣẹ́ dúró lójijì. Ọkọ̀ ogun ojú omi HMS Daring ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2009, ní ẹ̀rọ ayípo méjì tó ń tì í, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní féèsì 15, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 20 megawatt.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ibi tí àgbájọ ọwọ́ yìí wà. Ara sítétọ̀ ló wà. Sítétọ̀ ni a pín sí márùn-ún tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Rótọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń yí, kò sì ní àrọ́pò nínú ẹ̀rọ náà.

Irú àléébù tó ń bá rótọ̀ jà

Nínú ìwádìí kan tí àjọ EPRI ti Amẹ́ríkà ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ láàrin ọdún 1980 sí 1989 lórí àwọn ẹ̀rọ ayípo ńláńlá, béárìn ló fa nǹkan bí ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ìbàjẹ́, sítétọ̀ fa ìdá 37, rótọ̀ sì fa ìdá 10. Ìdá mẹ́wàá lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n béárìn tó ti gbó máa ń pariwo, kọ́ìlì tó ń jóná máa ń rùn, nígbà tí ọ̀pá rótọ̀ tó já lè wà nínú ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́ láìsí ariwo, láìsí òórùn.

Ọ̀nà méjì gbòógì ni àléébù rótọ̀ ń gbà wáyé. Ti àkọ́kọ́ ni ọ̀pá tó já tàbí òrùka tó sán. Nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ tí a so mọ́ iná tààrà, iná tó máa ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ lè tó ìlọ́po márùn-ún sí méje iye tó máa ń gbà nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ déédéé. Ọ̀pá á gbóná, á gùn sí i, á sì tún súnkì nígbà tó bá tutù. Bí a bá ń tàn án tí a ń pa á lemọ́lemọ́, ibi tí ọ̀pá ti pàdé òrùka yóò rẹ̀, yóò sì sán. Ẹ̀rọ tí ínfátà ń tàn díẹ̀díẹ̀ máa ń bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ìnira yìí, ṣùgbọ́n alumíníọ́mù tí afẹ́fẹ́ há sí nígbà tí a ń rọ ọ́, àti ẹrù tó ń lọ tó ń bọ̀, ṣì lè já ọ̀pá rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti já, iná tó yẹ kó gbé yóò bọ́ sí ọrùn àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn náà á gbóná jù, wọ́n á sì máa já tẹ̀ lé e. Bí àrùn náà ṣe ń ràn nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni kí rótọ̀ má dúró sí àárín gbùngbùn mọ́. Àlàfo tó wà láàrin rótọ̀ àti sítétọ̀ kéré púpọ̀. Bí rótọ̀ bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òòfà yóò máa fà á sí ẹ̀gbẹ́ tí àlàfo ti kéré jù. Bí fífà yìí bá pọ̀ jù, rótọ̀ lè fi ara họ sítétọ̀, ẹ̀rọ yóò sì bàjẹ́ pátápátá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Àwòṣe oníṣirò: yíyàwòrán àìsàn ṣáájú kí ó tó dé

Aláyẹ̀wò kò lè mọ ohùn àìsàn bí kò bá mọ ohùn àlàáfíà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò mọ́gbọ́n wá kí a máa já ọ̀pá ẹ̀rọ olówó iyebíye kí a lè gbọ́ bí yóò ṣe dún. Ìdí nìyí tí a fi nílò àwòṣe. Àwòṣe oníṣirò jẹ́ ọ̀wọ́ ìdọ́gba tó ń sọ bí ìṣàn iná, agbára òòfà àti yíyí ẹ̀rọ ṣe ń bá ara wọn lò.

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ ni kí a ka rótọ̀ sí àkójọ agbo iná. Ọ̀pá méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, pẹ̀lú ègé òrùka tó so wọ́n pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀, jẹ́ agbo kan. Ní ọdún 1995, H. A. Toliyat àti T. A. Lipo tẹ iṣẹ́ jáde tó lo ọ̀nà yìí láti ṣe àwòṣe ọ̀pá tó já àti òrùka tó sán. Bí rótọ̀ wa bá ní ọ̀pá 28, yóò ní agbo 28. A ó fi ìdọ́gba kan kún un fún ìṣàn tó ń lọ nínú òrùka, ó di 29. Féèsì márùn-ún ti sítétọ̀ mú un di 34. Ìdọ́gba méjì tó kù wà fún eré rótọ̀ àti ibi tó wà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdọ́gba 36, tí kọ̀ǹpútà yóò máa yanjú lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣísẹ̀ kéékèèké tẹ̀ lé ìṣísẹ̀ kéékèèké.

Ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan fún agbo iná kò ṣòro láti sọ lẹ́nu. Fóltéèjì tí a fún agbo kan dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ìdènà wáyà rẹ̀ jẹ, pa pọ̀ mọ́ èyí tí ìyípadà òòfà inú rẹ̀ gbà. Ní ti agbo rótọ̀, òdo ni fóltéèjì tó ń wá láti ìta, nítorí pé kò sí wáyà tó wọ ibẹ̀. Ohun tó mú iṣẹ́ náà le ni pé òòfà tí agbo rótọ̀ kan àti kọ́ìlì sítétọ̀ kan jọ ní pọ̀ máa ń yí padà bí rótọ̀ ṣe ń yí.

Láti fi àìsàn sínú àwòṣe yìí, a ó mú kí ìdènà ọ̀pá kan pọ̀ débi pé iná kò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Láti fi ìyẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ sínú rẹ̀, a ó mú kí àlàfo má dọ́gba yíká. Lẹ́yìn náà ni a ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, a ó sì wo ohun tó yí padà nínú iná sítétọ̀. Àwòṣe yìí ní ààlà tirẹ̀. Ní ìpele tó rọrùn jù, ó gbà pé irin kì í yó fún òòfà, ó sì gbà pé iná kì í jò láti ọ̀pá sí ọ̀pá gba inú irin kọjá. Nínú ẹ̀rọ gidi, méjèèjì ń ṣẹlẹ̀. Iná tó ń jò yìí máa ń dín àmì àìsàn kù, nítorí náà ọ̀pá tó já lè dún kéré ju bí àwòṣe ti sọ lọ. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó yé akẹ́kọ̀ọ́ pé àwòṣe kì í ṣe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Bí àìsàn ṣe ń hàn nínú ìṣàn iná

Nínú rótọ̀ tó pé, ìṣàn iná inú ọ̀pá máa ń rìn bí ìgbì kan tó ń lọ síwájú. Bí ọ̀pá kan bá já, ó dà bí òkúta tó dí ojú odò. Apá tó pọ̀ jù nínú ìgbì náà ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n apá díẹ̀ ń dà padà sẹ́yìn. Ìgbì tó dà sẹ́yìn yìí ni yóò tú àṣírí.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Rótọ̀ tó ń yí ní ìgbà 1455 láàrin ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 24.25 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá. Níwọ̀n bí ojú òòfà ti jẹ́ mẹ́rin, tí í ṣe tọkọtaya méjì, iye yìí jẹ́ 48.5 Hz lójú iná. Ìgbì tó ń lọ síwájú fi 1.5 kún un, ó di 50, tí í ṣe òǹkà ìyí tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbì tó dà sẹ́yìn yọ 1.5 kúrò nínú rẹ̀, ó di 47. Nípa báyìí, sítétọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìṣàn iná kékeré kan tí òǹkà ìyí rẹ̀ jẹ́ 47 Hz, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fún un. Ìṣàn yìí mú kí agbára tó ń yí ẹ̀rọ máa lọ sókè sódò ní ìgbà mẹ́ta láàrin ìṣẹ́jú-àáyá. Eré rótọ̀ a máa gbọ̀n tẹ̀ lé e, gbígbọ̀n yìí a sì bí àmì mìíràn ní 53 Hz. A ó pe 47 àti 53 ní àmì ẹ̀gbẹ́.

Láti rí àmì ẹ̀gbẹ́, a ó fi ẹ̀rọ aláwọ̀n ká wáyà sítétọ̀ mọ́, a ó gba àkọsílẹ̀ ìṣàn rẹ̀, a ó sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pín in sí oríṣiríṣi òǹkà ìyí tó para pọ̀ di í. Ọ̀nà ìṣirò tó yá kánkán fún pípín yìí ni J. W. Cooley àti J. W. Tukey gbé jáde ní ọdún 1965. Bí àkọsílẹ̀ bá ṣe gùn tó ni ojú rẹ̀ ṣe máa ń mọ́ tó. Àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lè ya òǹkà ìyí méjì sọ́tọ̀ bí ìyàtọ̀ wọn kò bá kéré ju 0.1 Hz lọ. Bí àmì ẹ̀gbẹ́ bá kéré tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣàn gbòógì, àwọn onímọ̀ kì í fòyà, torí pé kò sí rótọ̀ tó pé láìkù síbì kan. Bó bá ti ń sún mọ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó yẹ kí a ṣètò láti tú ẹ̀rọ náà wò.

Ìyẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ rótọ̀ ní àmì tirẹ̀. Bí ibi tí àlàfo ti kéré jù bá ń bá rótọ̀ yí, àmì rẹ̀ yóò jìnnà sí 50 Hz ní ìwọ̀n iye tí rótọ̀ ń yí. Nínú àpẹẹrẹ wa, a ó rí i ní 25.75 Hz àti 74.25 Hz. Àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀.

Fèrèsé kejì tí ọ̀pọ̀ féèsì ṣí sílẹ̀

Títí di ìsinsìnyí, ohun tí a sọ bá ẹ̀rọ oní-féèsì mẹ́ta mu bákan náà. Kí ni ọ̀pọ̀ féèsì wá fi kún un? Ọ̀pá tó já kì í da ìgbì gbòógì nìkan rú. Ó ń bí àwọn ìgbì kéékèèké mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ojú òòfà rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti gbòógì. Lójú rẹ̀, eré rótọ̀ jẹ́ 3 lọ́nà 48.5, tí í ṣe 145.5. Bí a bá fi 1.5 kún un, ó di 147 Hz. Bí a bá yọ ọ́, ó di 144 Hz.

Nínú ẹ̀rọ oní-féèsì mẹ́ta, ìwọ̀n àyè tó wà láàrin féèsì kan àti èkejì jẹ́ 120. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 360, tí í ṣe odidi ìyíká kan. Nítorí náà, ìgbì yìí ń ti féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà sí ọ̀nà kan náà. Bí a bá so ìdí wọn pọ̀ tí kò sì sí wáyà tó jáde láti ibẹ̀, iná náà kò ní rí ọ̀nà gbà, àmì yóò sì kú sínú. Nínú ẹ̀rọ oní-féèsì márùn-ún, àyè náà jẹ́ 72. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 216, kì í ṣe odidi ìyíká. Títì náà yàtọ̀ láti féèsì sí féèsì, iná sì lè gba àárín wọn kọjá. Nípa báyìí, 147 àti 144 hàn síta.

Ìṣirò tó ń ya àmì wọ̀nyí sọ́tọ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Charles Fortescue ní Amẹ́ríkà ló fi hàn ní ọdún 1918 pé a lè pín ọ̀wọ́ féèsì tí kò dọ́gba sí àwọn ọ̀wọ́ tó dọ́gba. Edith Clarke, obìnrin tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ní Yunifásítì Texas ní ọdún 1947, mú kí ìṣirò náà rọrùn fún féèsì mẹ́ta. Bí a bá na ọ̀nà Clarke dé féèsì márùn-ún, ìṣàn iná yóò pín sí ìpele méjì tí kò da ara wọn láàmú. Ìpele kìn-ín-ní ló ń gbé ìgbì gbòógì, ibẹ̀ ni 47 àti 53 wà. Ìpele kejì ló ń gbé ìlọ́po kẹta, ibẹ̀ ni 147 àti 144 wà. Aláyẹ̀wò ní fèrèsé méjì báyìí. Ohun tí ó bá rí ní ọ̀kan, ó lè fi èkejì jẹ́rìí rẹ̀.

Ohun tó lè ṣi àyẹ̀wò lọ́nà

Ohun kìn-ín-ní ni ẹrù tó kéré. Bí ẹ̀rọ bá ń yí lásán, ìfàsẹ́yìn rẹ̀ lè má ju 0.002 lọ. Ní 50 Hz, àmì ẹ̀gbẹ́ yóò wà ní 49.8 àti 50.2, ìṣàn gbòógì yóò sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ gidi nígbà tí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kejì ni pé kì í ṣe rótọ̀ nìkan ló ń bí àmì ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ máa ń fà tó sì máa ń dẹ̀, fífà yìí sì lè bí àmì tó jọ ti ọ̀pá tó já. Ẹni tó bá kánjú lè tú ẹ̀rọ tí kò ní àìsàn. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a yí ẹrù padà. Bí ẹrù bá pọ̀ sí i tí eré rótọ̀ lọ sílẹ̀ sí 1440, ìfàsẹ́yìn di 0.04. Àmì ọ̀pá tó já yóò ṣí kúrò ní 47 àti 53, yóò lọ sí 46 àti 54. Àmì tí kò bá tẹ̀ lé ìfàsẹ́yìn báyìí kì í ṣe ti ọ̀pá.

Ohun kẹta ló kan ẹ̀rọ oní-féèsì-púpọ̀ gan-an. Ínfátà rẹ̀ kì í fún un ní iná lásán. Ó ń wọn ìṣàn, ó ń fi wé ohun tó fẹ́, ó sì ń tún un ṣe ní gbogbo ìgbà. Bí ìṣàn 47 Hz bá fẹ́ yọjú, adarí yìí yóò kà á sí àṣìṣe, yóò sì tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹni tó ń wo ìṣàn nìkan yóò sọ pé àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n kí adarí tó lè tẹ ìṣàn náà rì, ó ní láti fi fóltéèjì mìíràn tì í padà. Àmì àìsàn kò parẹ́. Inú ìṣàn ló ti kúrò, ó ti bọ́ sínú fóltéèjì tí adarí ń pàṣẹ. Nítorí náà, aláyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wo ìṣàn àti fóltéèjì pọ̀, ní ìpele méjèèjì. Ìpele kejì pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀, nítorí pé irin tó ti yó fún òòfà ń bí ìṣàn 150 Hz níbẹ̀, èyí tó sún mọ́ 147. Àkọsílẹ̀ kúkúrú lè pa wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ọ̀pọ̀ féèsì ń fún sítétọ̀ ní olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n rótọ̀ kan ṣoṣo ló wà. A tún rí i pé adarí tó ń mú kí ẹ̀rọ náà yí dáadáa lè jẹ́ ohun kan náà tó ń bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣe mọ bí a ṣe ń fara da ìnira tó, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àyẹ̀wò rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Àwòṣe oníṣirò ló ń sọ fún wa irú àmì tí kòkòrò náà yóò fi sílẹ̀ àti ibi tí a ó ti wá a. Fífi ìṣàn àti fóltéèjì wé ara wọn ló sì ń jẹ́ kí a mọ̀ pé a kò purọ́ mọ́ ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá.

Ní ti àwa olùkọ́, ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé gbogbo ìṣirò tó gbé wa dé 47, 53, 144 àti 147 kò ju ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe wọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ tó yé e ṣàlàyé ohun tí òǹkà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Olùkọ́ tí òun àti olùkọ́ físíìsì bá jókòó pọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí yóò rí i pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n nílò ti wà nínú èdè wa tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó kù ni kí a máa lò wọ́n.